Ìwé Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fẹ́ Fọwọ́ Kàn

Mo rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ínkì pupa ni mo pè é. Ó kán sí etí ìwé funfun tó wà níwájú mi, ó kéré bí orí ìṣáná, mo sì ṣe ohun tí gbogbo àwa tí a ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé máa ń ṣe: mo fa àkísà tí a ti rẹ sínú kẹrosíìnì, mo fi nù ún. Kò lọ, ńṣe ló fẹ̀ sí i. Àdúgbò kan ní Ṣómólú ni ilé ìtẹ̀wé wa wà, níbi tí ẹ̀rọ ti ń dún nísàlẹ̀ ilé púpọ̀, tí ilẹ̀ ń gbọ̀n láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí ẹni tó bá fẹ́ bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní láti pariwo. Mo pariwo sí ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ, mo ní kó wo ẹ̀rọ rẹ̀ dáadáa, pé ínkì pupa ti ń kán sórí iṣẹ́ mi. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, “Pupa kẹ̀? Dúdú nìkan la ń tẹ̀ lónìí.” Lẹ́yìn náà ló wá gbójú sókè, ó wo ìwé náà, ó wo ẹnu mi. Ó na ọwọ́, ó pa ẹ̀rọ. Nígbà tí ariwo náà dákẹ́ ni mo wá gbọ́ bí ikọ́ mi ṣe ń dún. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wúkọ́, ẹ̀rọ ni kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ.

Ọ̀gá wa jáde láti inú ọ́fíìsì. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ò láàrọ̀. Ó ti fi áńkáṣíìfù bo imú kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ní kí n lọ tọ́jú ara mi, pé iṣẹ́ mi ń dúró dè mí. Mo mọ bí wọ́n ṣe máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì mọ bó ṣe máa ń parí. Bí mo ṣe fẹ́ mú báàgì mi ló na ìka sí òkìtì ìwé tí mo ti tò sórí tábìlì. Ó ní, “Ìyá Ìbejì, jọ̀ọ́, bá mi kó wọn lọ pẹ̀lú. Má fi wọ́n sílẹ̀ síbí.” Kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n. Ọkùnrin ẹlẹ́rọ náà mú igi gígùn, ó fi ń tì wọ́n díẹ̀díẹ̀ sínú àpò bí ẹni ń lé ejò jáde nínú ilé. Báyìí ni mo ṣe gbé ìwé àkọ́kọ́ tó jẹ́ tèmi láyé délé.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi. Ìwé ńlá kan tí a bá tẹ̀, ojú ewé mẹ́rìndínlógún ló máa ń wà lára rẹ̀, àwọn mìíràn dorí kodò. Bí a bá ti ká a, á di ìdìpọ̀ kékeré kan. Iṣẹ́ mi ni láti to àwọn ìdìpọ̀ wọ̀nyí léra kí wọ́n tó rán wọn pọ̀, kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ gé etí wọn. N kì í wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Lẹ́yìn ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan ni àmì dúdú kan wà. Ti àkọ́kọ́ wà lókè, ti èkejì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, wọ́n á máa sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Bí àtẹ̀gùn bá ti gún, ìwé pé nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí. Mo to Bíbélì, mo to ìwé ìṣirò, mo to ètò ìsìnkú àwọn èèyàn pàtàkì, n kò sì ka ọ̀kankan parí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé irú ìwé wo lẹ ń ṣe lọ́wọ́, mo máa ń dáhùn pé ìwé tó nípọn ni.

Ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ wa ní Bàrígà ni mo lọ. Wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi, wọ́n lọ fi ẹ̀rọ wò ó, nọ́ọ̀sì kan tí mo lè bí lọ́mọ sì pè mí wọlé, ó ṣí fèrèsé, ó ní ikọ́ ife ni. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ tẹ̀ lé e. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni bàbá kan ní abúlé wa ní Òkè-Ògùn nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n kọ́ ahéré fún lẹ́yìn oko, tí a máa ń gbé oúnjẹ rẹ̀ sórí òkúta, tí a ó sì sáré padà. Lọ́jọ́ kan, oúnjẹ ọjọ́ kejì bá ti ọjọ́ kìíní lórí òkúta. Nọ́ọ̀sì náà ní láti di ọwọ́ mi mú kí n tó padà gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó ní ayé ti kúrò níbẹ̀, pé ìjọba ń fúnni ní oògùn yìí lọ́fẹ̀ẹ́, pé oṣù mẹ́fà ni mo máa lò ó, pé ní oṣù méjì àkọ́kọ́, àràárọ̀ ni n ó máa wá gbé e mì lójú òun. Ó ní bí mo bá lò ó pé, n ó yè. Bí mo bá dá a dúró lágbedeméjì nítorí pé ara ti yá, àìsàn náà á padà wá pẹ̀lú agbára, oògùn ò sì ní ràn án mọ́. “Màmá, ẹ ò ní dá a dúró, àbí?” Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ tí ǹ bá mi orí sí ohunkóhun.

Wọ́n yẹ ọkọ mi àti àwọn ìbejì wò, Ọlọ́run sì ṣàánú wa, kò ràn wọ́n. Ọkọ mi, télọ̀ ni, ó rán ìbomú fún mi láti inú èérún aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀, tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ Ajé mo lè bo ẹnu pẹ̀lú léèsì, kí n fi àǹkárá bò ó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní bí mo bá máa ṣàìsàn, kí n máa polówó iṣẹ́ òun. Ìyá onílé wa ò ní kí a kó jáde, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé kọjá dípò ọ̀nà iwájú yàrá wa. N kò bínú sí i. Bí èmi náà bá mọ ọ̀nà tí ǹ bá gbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara mi, ǹ bá gbà á.

Ní ọ̀sán, nígbà tí gbogbo ilé bá ti lọ síbi iṣẹ́, ó máa ń ku èmi àti àpò ìwé náà nínú yàrá. Ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin ni mo bi nọ́ọ̀sì léèrè bóyá àìsàn lè wà lára ìwé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní inú afẹ́fẹ́ ni ikọ́ yìí ń gbà, kì í ṣe ara ìwé, pé bí ọkàn mi ò bá balẹ̀ kí n sá wọn sóòrùn. N kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi pẹ́ẹ̀gì há àwọn ìdìpọ̀ náà sórí okùn aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣòkòtò ọkọ mi, mo sì jókòó tì wọ́n kí atẹ́gùn má baà gbé wọn lọ sínú ọ̀sà. Ibẹ̀ ni mo ti ka ìlà àkọ́kọ́. Ó ní: ọmọbìnrin kan ń mọ ìkòkò, ilẹ̀ sì gbọ̀n lábẹ́ amọ̀ rẹ̀. Mo rò ó pé ilé ìtẹ̀wé ni wọ́n ń sọ. Ẹsẹ̀ ẹṣin ni.

Ìwé ìtàn ni, tí wọ́n kọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó wà nílé-ìwé girama, nípa ayé ogun àtijọ́. N ò ní dárúkọ rẹ̀, kí ẹni tó ni ín má baà sọ pé mo ń fi ṣẹ̀sín tàbí mo ń polówó rẹ̀ láìgba àṣẹ. Wọ́n dó ti ìlú kan tó wà lórí òkè. Oúnjẹ ń tán lọ, ṣùgbọ́n iyọ̀ ló kọ́kọ́ tán. Ẹ̀gbọ́nkùnrin ọmọbìnrin amọ̀kòkò yìí yọ́ jáde láti lọ wá iyọ̀ dé etí òkun, kó sì bá wọn pe ìlú mìíràn sí ìrànlọ́wọ́. Mo ti rò pé ìwé tí wọ́n kọ fún ọmọdé á máa bá mi wí ni, pé kí n gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu, kí n má jalè. Kò bá mi wí rárá. Ó gbé mi gun òkè náà lọ ni. Nítorí pé wọn kò tíì gé etí ìwé náà, àwọn ojú ewé rẹ̀ ṣì so mọ́ra lókè, ọ̀bẹ ìdáná ni mo fi ń là wọ́n bí mo ti ń kà á. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n yẹn dé ibi tí àwọn ọmọ ogun ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú òkùnkùn, mo gbọ́ òórùn iná, mo rò pé ìlú wọn ló ń jó. Ẹ̀wà mi ni. Ọkọ mi jẹ ẹ̀wà tó ti jó lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, mo ní ogun ni. Kò bi mí ní nǹkan mìíràn.

Lábẹ́ igi fúrúùtù nínú ọgbà ilé ìwòsàn ni bẹ́ǹṣì àwa oníkọ́ wà. A máa ń jókòó jìnnà síra, olúkúlùkù á máa wo ilẹ̀, bí ẹni tí wọ́n mú nítorí ẹ̀ṣẹ̀. Láàárín wa ni bàbá apẹja kan wà, ará Ìlàjẹ tó ń gbé létí omi ní Bàrígà. Ó dàgbà jù mí lọ, kò sì mọ̀wé. Lọ́jọ́ kan ó rí ìdìpọ̀ ìwé lọ́wọ́ mi, ó ní ṣé ìwé àdúrà ni kí òun náà lè ṣe àmín. Mo ní rárá o, ìtàn ni, nípa ọmọkùnrin kan tó ń lọ sétí òkun wá iyọ̀. Ó sún mọ́ mi díẹ̀. Ó ní, “Iyọ̀ kẹ̀? Ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀ nìyẹn. Ìyá ìyá mi, iyọ̀ ló ń sè.” Mo wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo bẹ́ǹṣì ti yí ojú sí mi. Lẹ́yìn tí a bá ti gbé oògùn mì tán, kò sẹ́ni tó ń dìde. Nọ́ọ̀sì náà á dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń wo ojú ọ̀run. Ìyá Oníwèé ni wọ́n ń pè mí. Èmi tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé mo ń lọ síbẹ̀ ni mo wá ń sáré jáde láàárọ̀ kí wọ́n má baà máa retí mi.

N ò ní parọ́ pé ẹ̀rù ti lọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo wọ ilé ìyàgbẹ́, ohun tí mo rí mú mi ké: ìtọ̀ mi pọ́n bí ẹni da ínkì sí i. Mo ní ó ti parí, ẹ̀jẹ̀ ti gba ibòmíràn. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì láìwé gèlè. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó ní oògùn ni, pé bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe gbogbo èèyàn, òun sì ti sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọjọ́ tí mo ń mi orí nìyẹn. Bàbá apẹja tó jókòó nítòsí gbọ́, ó ní tòun náà pọ́n, òun kàn rò pé epo pupa tí òun ń jẹ ló pọ̀ jù ni. Bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wa. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bèèrè kí n tó sá.

Nígbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù méjì, ara bàbá yìí le. Ó sanra, ikọ́ rẹ̀ lọ. Ó sọ fún wa pé ẹja ti ń wọlé níhà ọ̀dọ̀ àwọn, òun fẹ́ padà sílé, oògùn tí òun ti lò ti tó. Nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́, ó dẹ́rù bà á, kò gbọ́. Kí n sọ òtítọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mọ́ mi. Oògùn yẹn ń rìn mí nínú, ara mi náà ti ń yá, èmi náà sì ti ń rò ó lọ́kàn pé bóyá nọ́ọ̀sì kan ń ṣọ́ra jù ni. Bí bàbá bá lọ, tí kò kú, èmi náà á lọ. Ohun tí mo ń rò nìyẹn, nínú ìbẹ̀rù àti ìwà òmùgọ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ wá dágbére ni mo ka ìtàn náà dé ibi tí ìránṣẹ́ kan ti mú fìlà ẹ̀gbọ́n náà wọ ìlú, ó ya, ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wọ aṣọ ọ̀fọ̀. Bàbá apẹja ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ta ló rí òkú rẹ̀?” Mo ní wọn ò rí i, fìlà ni wọ́n rí. Ó ní wọ́n ti kánjú jù. Ní ọ̀dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá wọ omi tí kò padà, wọn kì í wọ aṣọ ọ̀fọ̀ fún un títí omi yóò fi gbé e jáde. Ìjì ti gbá òun náà lọ rí nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́. Nígbà tí òun padà délé, ìyàwó òun kò sunkún, ó kàn bi òun pé ẹja dà. Ó jókòó padà. Ó ní òun á wá lọ́la gbọ́ bó ṣe jẹ́ kí òun tó lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo mú ìdìpọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìlà àkọ́kọ́ níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n tó ti kú lánàá jókòó létí òkun láàárín àwọn tó ń se iyọ̀, ó ń jẹ iṣu sísun, ó ń tàkúrọ̀sọ pẹ̀lú wọn. Bàbá apẹja ní, “Ìyá Oníwèé, ṣé ó ti jíǹde ni, àbí ọ̀run ni wọ́n ti ń sun iṣu?” Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa lọ́jọ́ náà. Obìnrin kan ní kí n dá fìlà ọmọkùnrin náà padà fún un. Mo wo ẹ̀yìn àwọn ìdìpọ̀ náà, àtẹ̀gùn àmì dúdú gún gẹ́gẹ́. Ibẹ̀ ni mo wá ṣe ohun tí n kò ṣe rí láti ọjọ́ tí mo ti wọ iṣẹ́ yìí: mo wo nọ́ńbà ojú ewé. Wọ́n ti gbé àmì ìdìpọ̀ kẹrin sára ìkarùn-ún, wọ́n sì gbé ti ìkarùn-ún sára ìkẹrin. Mo ti kà wọ́n sódì. Bí mo ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ara mi tutù, nítorí bí àmì tèmi bá ṣe wà ni ti gbogbo èyí tó kù ní Ṣómólú ṣe wà, a ò sì ní ẹnìkan níbẹ̀ tó ń kàwé.

Mo pe ọ̀gá lórí fóònù. Mo ṣàlàyé. Ó ní, “Ìyá Ìbejì, ta ló ní kó o kà á?” Mo ní kò sí, sà. Ó ní wọ́n ti tò wọ́n tán, òwú ni wọ́n ń ki bọ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ yẹn. Mo gbọ́ tó ń pariwo kí wọ́n dúró, mo gbọ́ tí ẹ̀rọ kan dákẹ́, lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀ ń ka ìwé sókè, ó ń kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀: ọ̀gbẹ́ni náà kú, ọ̀gbẹ́ni náà ń jẹ iṣu. Ó ní, “Olúwa o.” Ó ní tí wọ́n bá rán an bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ làwọn ìyá ẹlẹ́pà ì bá fi máa di ẹ̀pà.

Ní ọjọ́ kejì ẹ̀, ọ̀gá fúnra rẹ̀ wá sí Bàrígà. Kò wọ inú ọgbà. Ó dúró lẹ́yìn ògiri pẹ̀lú áńkáṣíìfù nímú, ó gbé nǹkan kan tó wà nínú ọ̀rá lé orí ògiri, ó sún sẹ́yìn, ó wá juwọ́ sí mi pé kí n wá gbé e. Mo rántí òkúta tí a máa ń gbé oúnjẹ lé ní abúlé wa, ṣùgbọ́n n kò lè bínú, nítorí ohun tó gbé wá: ìdìpọ̀ ìkẹyìn, èyí tí ẹ̀rọ kò tíì tẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kúrò níbẹ̀. Ó kígbe láti òdìkejì pé kí n kà á kí n sì sọ fún òun bóyá ó tọ̀nà. Ó kígbe sí i pé iṣẹ́ mi ń dúró dè mí. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ó dún bí òtítọ́.

Gbogbo bẹ́ǹṣì ló ń wo ọwọ́ mi. Bàbá apẹja ní, “Ó yá, ṣé ó kú ni àbí kò kú?” Mo di ìdìpọ̀ náà mú, mo rí i pé ẹ̀rù ń bà mí láti là á. Ó dà bí ẹni pé bí mo bá ti mọ òpin ìtàn yẹn, nǹkan kan nínú tèmi náà á parí. Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sá fún ikú kì í yan ọ̀nà. Ẹnu mi sì sọ ohun tí n kò gbèrò. Mo ní, “Bàbá, n ò ní là á lónìí. Ọjọ́ tí èmi àti ẹ̀yin bá lo oògùn tán, tí wọ́n sọ pé a ti bọ́, ọjọ́ yẹn ni n ó kà á. Bí ẹ bá lọ sílé báyìí, ẹ lọ láìgbọ́.” Ó wò mí títí. Ó ní obìnrin burúkú ni mí. Ó dìde, ó lọ gba oògùn ọjọ́ náà.

Mo fún nọ́ọ̀sì ní ìdìpọ̀ náà kó bá mi tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù oògùn, nítorí mo mọ ara mi. Lẹ́yìn oṣù méjì, a kì í wá lójoojúmọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bá wá gba oògùn, bẹ́ǹṣì kún. A tún ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, lọ́nà tó gún lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ti wà níbẹ̀. Bàbá apẹja máa ń lọ sódò, ó máa ń padà. Ó ní lọ́jọ́ kan tí òun fẹ́ bi oògùn náà nínú ọkọ̀ ojú omi, fìlà yẹn ni òun rántí tí òun fi gbé e mì. Ní tèmi, àràárọ̀ ni mo ń sọ fún oògùn náà pé, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó kú. Ọkọ mi gbọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, ó bèèrè pé ta ni. Mo ní ẹnìkan ni. Ó ní kí n kí i.

Wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wa fún ìgbà ìkẹyìn. Ọjọ́ tí èsì máa jáde, n kò lè jẹun. Mo fẹsẹ̀ rìn láti ilé wa, mo ń ka gbogbo ìwé ara ògiri tí mo bá kọjá lójú ọ̀nà, ohun tí n kì í ṣe tẹ́lẹ̀. Bàbá ti dé ṣáájú mi, ó wọ fìlà tuntun. Nọ́ọ̀sì pè é, ó pe èmi náà. Kò jókòó. Ó ní, “Màmá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Bàbá náà, kò sí nǹkan kan. Ó ti lọ.” Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní ṣé ó dá a lójú, ó ní bí mo bá tún bi òun, òun á fún mi ní oògùn oṣù mẹ́fà mìíràn. Bàbá apẹja na ọwọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù.

Nọ́ọ̀sì gbé ìdìpọ̀ náà jáde. Mo mú ọ̀bẹ tí mo fi ọ̀rá wé láti ilé jáde nínú báàgì, mo fẹ́ là á. Ó ti là. Ẹnìkan ti fi rúlà ya gbogbo ojú ewé rẹ̀ lókè, ó mọ́ tónítóní. Mo wo nọ́ọ̀sì. Ó ní kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, eku wà níbẹ̀. Bàbá ní eku tó mọ̀wé. Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín, ó bẹ̀ wá pé ní oṣù kejì tó dé ọwọ́ òun ni òun kò lè fara dà á mọ́, pé òun kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyá òun.

Mo kà á fún wọn lábẹ́ igi. Ogun ti tú ká, ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé ṣe, nígbà tí ọkùnrin kan tó rù kan eegun dé ẹnubodè. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ní àkúdàáyà ni, wọ́n fẹ́ lé e padà. Ìyá rẹ̀ jáde nínú aṣọ ọ̀fọ̀, kò lè dá a mọ̀, ó kàn bu oúnjẹ fún àlejò. Ọkùnrin náà tọ́ ọ wò, ó ní, ọbẹ̀ yìí kò níyọ̀. Ìyá náà ké. Ẹnìkan ṣoṣo ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nílé rẹ̀, níbi oúnjẹ gbogbo, láti kékeré. Ọkùnrin náà sì tú àpò èjìká rẹ̀ sílẹ̀. N kò lè ka èyí tó kù. Bàbá apẹja nu ojú, ó ní, “Mo ti sọ fún yín. Wọn ò rí òkú rẹ̀.” Ó kí mi pé ó dìgbóṣe, ó lọ sétí omi, ó ń rìn bí ọ̀dọ́.

Láti ibẹ̀, Ṣómólú ni mo gbà lọ. Ní Fọlá Àgòrò, mo pàdé obìnrin kan tó ti gbọ́ pé mo ti kú. Ó dúró sójú kan, ó ń wo ẹsẹ̀ mi bóyá ó kanlẹ̀. Mo ní ẹ kú ọ̀sán, mà, níbo ni mo ti lè ra iyọ̀ níbí? Nílé ìtẹ̀wé, ọkùnrin ẹlẹ́rọ pa ẹ̀rọ kó lè gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, gbogbo wọn sì gbọ́ pé n kò wúkọ́. Búrẹ́dì àti ẹ̀wà ló wà níwájú ọ̀gá. Ó wò mí, ó wo áńkáṣíìfù rẹ̀, ó ki í bọ àpò. Ó sún síbi kan lórí bẹ́ǹṣì, ó ti abọ́ sí àárín wa, ó ní kí n jẹ nínú rẹ̀. Mo jẹ ẹ́. Ó níyọ̀.

Títí di òní ni mo ṣì máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, bí ẹnìkan bá wúkọ́ nínú ọkọ̀, mo ti ń wá ibi tí n ó bọ́ sílẹ̀ sí. Ìṣọ́ra kò kúrò lára mi, n kò sì lé e. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé tí mo tò nísinsìnyí tí n kò ní wo nọ́ńbà rẹ̀, tí n kò sì ní ka ojú ewé kan tàbí méjì nínú rẹ̀. Ọ̀gá máa ń ráhùn pé iṣẹ́ mi ti ń falẹ̀, kò sì dá mi lẹ́kun. Ẹ̀dà ìwé ìtàn yẹn tí mo fi ọwọ́ ara mi rán wà lórí tábìlì mi nílé. N kò gé etí rẹ̀. Ní etí ojú ewé kan níbẹ̀, ibi tí ilẹ̀ ti gbọ̀n lábẹ́ amọ̀ ọmọbìnrin yẹn, nǹkan kan wà tó fẹ̀ bí orí ìṣáná tí a nù. Ó ti ṣá, ó ti dà bí tíì. Àwọn ìbejì mi bi mí léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló kán sí i. Mo ní ínkì ni.